Ẹyẹ Ẹ̀yìnkùlé àti Fóònù Olówó Ńlá: Ìdí Tí Àwòrán Kì Í Fi Í Rí Bí Ojú Ṣe Rí I

Ní Computer Village ní Ìkẹjà, ìbéèrè kan wà tí ó sábà máa ń jáde lẹ́nu oníbàárà kí ó tó béèrè iye owó: mẹ́gápíkísẹ́lì mélòó ni kámẹ́rà fóònù yìí? Àwọn tí ń ṣe fóònù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ 50, 108 tàbí 200 gàdàgbà sí ara páálí. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà náà bá gbé fóònù tuntun dé ilé ní Sùúrùlérè, tí ó sì kọ ojú rẹ̀ sí ẹ̀gà tí ó ń hun ìtẹ́ lórí ọ̀pẹ àdúgbò, ohun tí yóò bá nínú fóònù ni àmì dúdú bíńtín kan láàrin ojú ọ̀run tí ó funfun báláú. Ojú rẹ̀ rí ara aláwọ̀ ìyeyè, ó rí ẹyinjú pupa, ó rí koríko gígùn lẹ́nu ẹyẹ. Fóònù kò rí ọ̀kankan nínú wọn.

Àwọn kan a máa rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn, àwọn mìíràn a sì máa dá ọwọ́ ara wọn lẹ́bi. Kì í sábà jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nǹkan mẹ́ta ni ó ń pinnu bí àwòrán ẹyẹ yóò ṣe rí: bí ẹyẹ náà ṣe jìnnà sí wa tó, ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wá, àti bí ara ẹyẹ náà ṣe yá tó. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, jíjìnnà ni olórí, òun náà sì ni ènìyàn lè tún ṣe láìná owó púpọ̀. Àlàyé yìí wà fún ẹni tí ó ní fóònù kan ṣoṣo, tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò fẹ̀ lọ títí, tàbí tí kò tilẹ̀ ní ju bákónì kan lọ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Kí ni mẹ́gápíkísẹ́lì?

Bí a bá ń fi ìka méjì fẹ àwòrán lójú fóònù, a óò dé ibi tí yóò ti di onígun mẹ́rin kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn onígun mẹ́rin náà ni à ń pè ní píkísẹ́lì. Mẹ́gá dúró fún mílíọ̀nù kan. Nítorí náà, àwòrán mẹ́gápíkísẹ́lì 12 ní mílíọ̀nù 12 irú ẹyọ bẹ́ẹ̀, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ 4000 ní ìbú àti 3000 ní òró.

Nínú kámẹ́rà, ohun pẹlẹbẹ kan wà tí à ń pè ní sẹ́ńsọ̀, òun ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó bá inú lẹ́ńsì wọlé. Sẹ́ńsọ̀ fóònù kéré. Lọ́pọ̀ ìgbà kò tó èékánná àtàǹpàkò. Bí wọ́n bá pín ibi kékeré bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà mílíọ̀nù 200, ìmọ́lẹ̀ tí yóò kan ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò kéré jọjọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fóònù oní-200 fi máa ń da ẹyọ 16 pọ̀ di ọ̀kan, tí oní-108 sì máa ń da ẹyọ 9 pọ̀ di ọ̀kan, kí wọ́n tó gbé àwòrán jáde. Bí ènìyàn kò bá yí ètò inú fóònù náà padà, ohun tí yóò rí gbà kò ju nǹkan bíi 12 náà lọ, iyekíye tí ì báà wà lára páálí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ẹyẹ bá wà ní mítà 10 sí wa, lẹ́ńsì gbogboogbò tí ó wà lára fóònù yóò rí ibi tí ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 14 láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì. Ẹ̀gà kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 lọ láti ẹnu dé ìrù. Bí a bá pín ẹyọ 4000 fún mítà 14 yẹn, nǹkan bíi 50 ni yóò kan ẹ̀gà. Ẹyinjú, ẹnu, ìyẹ́ àti koríko tí ó gbé dání, gbogbo wọn ni yóò pín 50 yẹn láàrin ara wọn.

Ṣé súùmù kò lè yanjú rẹ̀ ni?

Súùmù méjì ni ó wà, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà. Èkínní jẹ́ iṣẹ́ lẹ́ńsì: gíláàsì inú kámẹ́rà ni ó ń mú ohun tí ó jìnnà sún mọ́, tí ẹyẹ fi ń gba ààyè púpọ̀ sí i lórí sẹ́ńsọ̀. Èkejì jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà inú fóònù: yóò gé àárín àwòrán jáde, yóò sì fẹ ohun tí ó gé náà tóbi. Ẹni tí ó bá fi bírò kọ orúkọ sí ara bàlúùn tí afẹ́fẹ́ kò tíì sí nínú rẹ̀, tí ó wá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, yóò rí i pé lẹ́tà ń tóbi, ṣùgbọ́n tí yíǹkì ń ṣá, tí etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ń fọ́nká. Ohun tí súùmù kejì yìí ń ṣe fún ẹyẹ nìyẹn. Ẹyọ 50 kò lè di 500 nítorí pé a fẹ̀ ẹ́.

Bí fóònù bá ní lẹ́ńsì tí ó jẹ́ 3x ní tòótọ́, ìyẹn èyí tí gíláàsì rẹ̀ ń mú ohun sún mọ́ ní ìlọ́po mẹ́ta, ẹ̀gà wa yóò gba nǹkan bíi 150. Ohunkóhun tí ó bá kọjá agbára lẹ́ńsì yẹn, fífẹ̀ lásán ni. Ọ̀nà rírọrùn kan wà láti mọ ibi tí ojúlówó parí sí: ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ súùmù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fi ìka bo àwọn lẹ́ńsì ẹ̀yìn fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ojú fóònù bá ṣókùnkùn nígbà tí ẹ bo ó ni lẹ́ńsì tí ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ lẹ́ńsì gbogboogbò náà ni, a jẹ́ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ẹ ń wò.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ariwo kan sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa àwòrán òṣùpá tí àwọn fóònù Samsung kan ń yà. Ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ sọ àwòrán òṣùpá di bàìbàì lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi fóònù yà á, fóònù náà sì gbé òṣùpá tí kòtò àti gegele ara rẹ̀ hàn kedere jáde. Samsung ṣàlàyé pé fóònù náà máa ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá dá òṣùpá mọ̀, tí yóò sì tún àwòrán rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń ya ẹyẹ, nítorí pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń fi kọ̀ǹpútà tún àwòrán súùmù ṣe lónìí. Nígbà tí a bá rí ẹyẹ tí a yà láti òkèèrè tí ìyẹ́ rẹ̀ tò geerege ju bí ó ti yẹ lọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé fóònù ni ó to àwọn ìyẹ́ náà.

Kámẹ́rà ńlá tí lẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 400 (bí iye yìí bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́ńsì ń mú ohun tí ó jìnnà sún mọ́ tó) kò ní irú ìṣòro yìí. Ní mítà 10 kan náà, ibi tí yóò rí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90 lọ, ẹ̀gà yóò sì gba ìdá kan nínú márùn-ún àwòrán, tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó ọmọdé, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni ẹyẹ yóò ṣe sún mọ́ wa?

Bí a bá sọ mítà 10 yẹn di mítà 2, ẹyẹ yóò tóbi ní ìlọ́po márùn-ún, láìsí pé a ra ohunkóhun. Fóònù tí ó ní súùmù ojúlówó 3x yóò fún ẹ̀gà ní nǹkan bíi 750 ní mítà 2, èyí tí ó ṣe déédéé pẹ̀lú ohun tí kámẹ́rà mìlímítà 400 rí ní mítà 10. Gbogbo ọ̀rọ̀ yíya ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé kò ju èyí lọ: kí á wá ọgbọ́n tí ẹyẹ yóò fi wá dúró ní mítà 2 sí wa, tí ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀.

Lílé e kiri kò lè fún wa ní èyí. Ẹni tí ń rìn tààrà bọ̀ lọ́dọ̀ ẹyẹ ń ṣe ohun tí ológbò máa ń ṣe, ẹyẹ yóò sì fò kí ó tó dé ìdajì ọ̀nà. Ẹni tí ó bá jókòó sí ojú kan, tí kò gbé apá sókè sódò, ni ẹyẹ máa ń gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ibi tí ó sì dára jù láti jókòó sí ní ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó ni ẹ̀yìn fèrèsé, èyí tí ó gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń kó ìpayà bá ènìyàn.

Kí ni ẹyẹ tí ń kan fèrèsé ń wá?

Ní àwọn ilé tí wọ́n fi gíláàsì tí ń dán ṣe fèrèsé wọn, ẹyẹ kan lè dé ní ìdájí, kí ó máa fi ẹnu gbá gíláàsì, kí ó máa fò lù ú, kí ó lọ, kí ó tún padà wá. Ó lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn kan yóò dìde àdúrà, àwọn kan yóò sọ pé ayé ni ó rán an wá. N kò bá ẹnikẹ́ni du àdúrà rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ju ìjà ilẹ̀ lọ, irú èyí tí kò ṣàjèjì sí ará Èkó. Akọ ẹyẹ tí ó ń kọ́ ìtẹ́, tàbí tí ó ti ní ìtẹ́ nítòsí, kì í fẹ́ rí akọ mìíràn irú tirẹ̀ ní sàkáání náà. Nígbà tí òde bá mọ́lẹ̀ ju inú yàrá lọ, gíláàsì a di dígí. Ẹyẹ yóò rí òjìji ara rẹ̀, yóò rò pé ẹlòmíràn ti wá gba ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́, yóò sì gbéjà kò ó. Bí ó bá ṣe ń jà tó ni ẹni inú dígí náà ṣe ń dá a lóhùn tó, ìdí nìyẹn tí ìjà náà kì í fi í tán bọ̀rọ̀.

Bí a bá fi bébà, aṣọ tàbí ọṣẹ bo ojú gíláàsì náà láti òde, ọ̀tá rẹ̀ yóò pòórá, òun náà yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Kọ́tìnnì tí a bá fà láti inú kì í ràn án, nítorí pé ojú òde gíláàsì ni òjìji náà wà.

Gíláàsì kan náà yìí ni ó dára jù fún ẹni tí ó fẹ́ ya àwòrán. Bí ẹyẹ kò bá rí ju ara rẹ̀ lọ nínú rẹ̀, a jẹ́ pé kò rí wa nìyẹn, àní bí a kò bá jìnnà sí i ju mítà kan lọ. Kí a pa gbogbo iná yàrá, kí a wọ aṣọ tí kò tàn, kí a sì gbé lẹ́ńsì fóònù lé ara gíláàsì gan-an, kí àwòjìji inú yàrá má bàa wọ inú àwòrán. Kí a kọ́kọ́ nu gíláàsì náà lóde àti nínú, nítorí pé eruku Èkó kò mọ̀ pé a fẹ́ ya ẹyẹ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni ìṣòro tí ó tóbi jù, nítorí pé fóònù a máa tẹjú mọ́ nẹ́ẹ̀tì, a sì fi ẹyẹ sílẹ̀. Títì í sí ẹ̀gbẹ́ kan ni ọ̀nà àbáyọ. Ní ti irin tí a fi ń dènà olè lójú fèrèsé, ó wúlò ju bí a ti rò lọ: bí a bá lè na ọwọ́ dé ibẹ̀, a lè gbé ọwọ́ lé e kí fóònù má bàa gbọ̀n, kò sì sí ìdí láti ra igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kankan.

Kí ni a lè fi pè wọ́n wá?

Omi ni mo fi ṣáájú oúnjẹ, pàápàá ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, nígbà tí omi kò sí nílẹ̀ mọ́. Àwo pẹrẹsẹ kan tó, bí ó bá jẹ́ ti amọ̀ ó tún dára sí i, nítorí pé kì í yọ̀ lẹ́sẹ̀ ẹyẹ. Omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kí a sì gbé òkúta kan sí àárín rẹ̀ fún àwọn ẹyẹ kéékèèké. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù pé yóò bí ẹ̀fọn, ẹ̀rù náà sì tọ́, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀fọn tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó ti inú ẹyin di èyí tí ń fò nínú ooru ilẹ̀ wa. Omi tí a bá ń dà nù lójoojúmọ́, tàbí ó pẹ́ tán lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tí a sì ń fọ àwo rẹ̀, kò ní bí ẹ̀fọn kankan.

Ní ti oúnjẹ, jéró àti ọkà bàbà ni ológoṣẹ́, àdàbà àti ẹ̀gà ń wá. Ìbẹ́pẹ tí ó pọ́n tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a là sí méjì yóò pe àwọn tí ń jẹ èso. Àwọn ẹyẹ tíntìntín tí ẹnu wọn gùn tí ó sì tẹ̀ wálẹ̀, tí ń fa oyin inú òdòdó, kò ní bìkítà fún ọkà wa; òdòdó hibiscus tàbí ixora nínú ìkòkò lórí bákónì ni yóò mú wọn wá. Kí a má ṣe kó búrẹ́dì àti àjẹkù oúnjẹ oníyọ̀ sílẹ̀ fún wọn, ọkà tí ó ti bu sì lè pa wọ́n. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, kí a kó ìyókù wọlé nítorí eku, nítorí pé kò sí ẹni tí ó yẹ kó máa fi ọkà ẹyẹ pe eku wá sí ìlú tí ìròyìn ibà Lassa kì í ṣe àjèjì sí.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó kéde àìsàn ẹyẹ H5N1 láàrin àwọn adìyẹ, ní oṣù Kejì ọdún 2006, àìsàn náà sì ti padà wá lẹ́yìn ìgbà náà. Bí a bá rí òkú ẹyẹ lẹ́yìnkùlé, kí a má fi ọwọ́ lásán gbé e, kí a sì jẹ́ kí àwo ẹyẹ jìnnà sí àgọ́ adìyẹ.

Ọgbọ́n kékeré kan tí àwọn ayàwòrán ń lò ni kí a ri ẹ̀ka gbígbẹ kan mọ́lẹ̀ nítòsí àwo náà. Ẹyẹ kì í sábà balẹ̀ tààrà sórí oúnjẹ. Yóò kọ́kọ́ dúró níbì kan láti wò yíká. Orí ẹ̀ka yẹn ni a óò ti yà á, kì í ṣe nínú abọ́.

Kí ló dé tí ẹyẹ dúdú kò ní ojú, tí ẹyẹ funfun kò sì ní ìyẹ́?

Kámẹ́rà kò mọ ohun tí ó ń wò. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń gbìyànjú kí gbogbo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwọ̀n-níwọ̀n, kí ó má mọ́lẹ̀ jù, kí ó má sì ṣókùnkùn jù. Bí ojú ọ̀run bá gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwòrán, kámẹ́rà yóò dín ìmọ́lẹ̀ ohun gbogbo kù, ẹyẹ tí ó wà láàrin rẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn pátápátá. Bí lékeléke bá sì dúró lórí koríko tútù, kámẹ́rà yóò rí i pé koríko náà dúdú, yóò fi ìmọ́lẹ̀ kún gbogbo rẹ̀, lékeléke yóò wá funfun débi pé a kò ní rí ìyẹ́ kan lára rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn. Ẹ fi ìka kan ẹyẹ náà lójú fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àmì oòrùn kékeré kan yóò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá wà lẹ́yìn ẹyẹ, ẹ fa àmì náà sókè. Bí lékeléke bá ni, ẹ fà á sísàlẹ̀. Kannakánná ni ó nira jù, nítorí pé ara rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ funfun. Fún òun, kí a ro ti funfun náà: ibi tí ó ṣókùnkùn nínú àwòrán ṣì ṣeé mú mọ́lẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti funfun jù kò ní nǹkan kan nínú mọ́ tí a lè fà jáde.

Kí oòrùn wà lẹ́yìn ẹni tí ń ya àwòrán, kí ó máa tàn sí ojú ẹyẹ. Ní Èkó, oòrùn máa ń yọ láàrin nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje lọ́dún yípo, wákàtí méjì tí ó tẹ̀lé e ni ó sì dára jù. Ẹyẹ ń wá oúnjẹ, ìmọ́lẹ̀ sì rọlẹ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó tún dára. Oòrùn ọ̀sán wà ní àtàrí, a sì máa fi òjìji bo ojú ẹyẹ. Ọyẹ́ pẹ̀lú eruku rẹ̀ a máa sọ ohun tí ó jìnnà di bàìbàì, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ dí ohun tí ó wà ní mítà 2 lọ́wọ́.

Àwọn ẹyẹ afalóyin òdòdó yẹn ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ènìyàn yóò rí akọ wọn tí ọrùn rẹ̀ ń kọ mànà pẹ̀lú àwọ̀ ewé tàbí elésè àlùkò, yóò yà á, yóò sì bá ẹyẹ dúdú nínú àwòrán. Àwọ̀ tí ń kọ mànà yẹn kì í ṣe aró. Bí ìpele tíntìntín inú ìyẹ́ rẹ̀ ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà ni ó ń mú un jáde, bí ẹyẹ bá sì yí ọrùn díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà gba ibòmíràn lọ, àwọ̀ náà sì kú. Pupa ìyẹ́ àlùkò, èyí tí àwọn baba wa fi osùn jì, yàtọ̀ ní tirẹ̀: aró gidi ni, bàbà wà nínú rẹ̀, ibikíbi tí a bá sì ti wò ó, pupa ni. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ ya afalóyin gbọ́dọ̀ máa ya léraléra bí ẹyẹ náà ṣe ń yí orí, kí ó lè bá ìgbà tí ọrùn náà bá tàn pàdé.

Kí ni a ó ṣe sí èyí tí kì í dúró?

Kámẹ́rà a máa la ojú fún ìgbà díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Bí ẹyẹ bá mira kí ojú náà tó padé, àwòrán yóò fa ìlà. Ẹyẹ tí ó dúró jẹ́ẹ́ kò fẹ́ ju ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Èyí tí ń fò fẹ́ ìdá kan nínú 1000, tàbí kí ó kéré sí i. Fóònù kì í lè yára bẹ́ẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, a tún padà sí ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ nìyẹn. Kí a lo ètò tí ń ya ọ̀pọ̀ àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, kí a mú èyí tí ó dára, kí a sì nu ìyókù kúrò.

Ẹyẹ wo gan-an ni mo yà?

Àṣìmọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti ẹ̀gà. Akọ rẹ̀ tí ó ní ara ìyeyè àti orí dúdú ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Abo rẹ̀ kò tàn bẹ́ẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ a sì máa pè é ní ẹyẹ mìíràn tàbí ológoṣẹ́. Akọ ni ó ń ya ewé ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó sì ń fi ẹnu hun ún di ìtẹ́. Bí ó bá parí, yóò so rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ìtẹ́ náà, yóò máa gbọn ìyẹ́, yóò máa pariwo, kí abo lè wá wò ó. Bí ilé náà kò bá tẹ́ àwọn abo lọ́rùn, akọ a máa tú u ká fúnra rẹ̀, a sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sí ẹyẹ tí ó rọrùn láti yà tó o ní gbogbo Èkó, láti Ìkòyí títí dé Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, nítorí pé ojú kan náà ni yóò máa padà sí títí di ọ̀sán. Kí a kọ ojú fóònù sí ẹnu ọ̀nà ìtẹ́, kí a sì dúró dè é.

Ẹyẹ kékeré tí ń fò gòòrò lókè afárá lè jẹ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ó sì lè má jẹ́. Bí a bá rí i tí ó bà sórí wáyà NEPA, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni. Èkejì rẹ̀ tí ó jọ ọ́, tí ó kó ìtẹ́ sí abẹ́ afárá àti abẹ́ òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi bà sórí wáyà láé. Nínú àwọn ẹyẹ ńlá, àwòdì ni ìrù rẹ̀ là ní ìdí. Ti àṣá kò là.

Ìgbà pẹ̀lú lè ràn wá lọ́wọ́. Lékeléke àti àwòdì a máa pọ̀ ní Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a sì máa gba òkè Ọya lọ bí òjò bá dé. Lára àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí a ń rí láàrin oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹrin ni àwọn tí ó ti Yúróòpù wá. Ju 900 oríṣi ẹyẹ lọ ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò sì sí ẹni tí yóò mọ gbogbo wọn tán ní ọdún kan. Áàpù Merlin, tí Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe, wà lọ́fẹ̀ẹ́. A lè fi àwòrán bi í léèrè. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú kọ́ púpọ̀ sí i lè lọ sí ọgbà ìdáàbòbò igbó tí ó wà ní Lẹ́kí, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, tí afárá orí igi rẹ̀ gùn ní mítà 401. Ní orí afárá náà, ojú ènìyàn àti ojú ẹyẹ a máa ṣe déédéé.

Kí ni kò yẹ kí a ṣe?

Kí a má gé ewé tí ó bo ìtẹ́ nítorí àtirí ọmọ inú rẹ̀, nítorí pé ewé yẹn ni kò jẹ́ kí kannakánná àti àṣá rí wọn. Kí a má tan iná kámẹ́rà sí òwìwí lójú lóru. Ẹyẹ tí ń jẹ eku fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ kò yẹ fún ìyẹn, òkúta tí àwọn kan ń sọ lù ú náà kò sì yẹ ẹ́. Ìkẹta jẹ́ ti àwa ènìyàn. Ilé kọjú sí ilé ní Muṣin àti ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tí ó bá sì ń na kámẹ́rà kọjú sí fèrèsé aládùúgbò láàárọ̀ kùtùkùtù yóò ṣàlàyé títí, wọn kò ní gbà pé ẹyẹ ni ó ń wò. Kí a lọ kí ìyá tàbí bàbá ilé kejì ṣáájú, kí a fi àwòrán kan hàn wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ni yóò máa pè wá bí ẹyẹ tuntun bá dé.

Ibo ni àwòrán tí ó dára máa ń bàjẹ́ sí?

WhatsApp ni ìdáhùn. Bí a bá fi àwòrán ránṣẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe, yóò fún un kéré kí ó lè tètè lọ, ìyẹ́ ẹyẹ sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ń sọnù. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n ti fi àmì HD sí i, èyí tí ó dín ìbàjẹ́ náà kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ kí ó dé bí ó ṣe yà á gan-an gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ńtì. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Nǹkan bíi 300 píkísẹ́lì ni àwọn atẹ̀wé ń fẹ́ fún íǹṣì kan kí ó tó mú ojú dáadáa, nítorí náà àwòrán tí ó ní 4000 ní ìbú yóò tó íǹṣì 13 láìfọ́ká. Èyí tí a bá kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sórí gúrúùpù ẹbí, tí a wá ti ibẹ̀ gbé lọ fún atẹ̀wé, kò ní tó bẹ́ẹ̀.